Ìtàn iná òpó: ibi tó ti wá, ká tó dá òpó píkọ́ọ̀pù lu

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé píkọ́ọ̀pù àtijọ́ lọ bá àwọn réwáyà wa ní Òṣogbo pé kí wọ́n bá yín fi iná tó ṣe é yí kiri sára òpó gíláàsì iwájú, ìyẹn irin tó gbé gíláàsì náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí nǹkan yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá mọ ìtàn ẹ̀ ò ní gbà kí wọ́n kàn fi bóòtù dè é mọ́ ìta lásán. Inú ọkọ̀ ni dẹ́rẹ́bà ti ń darí iná yẹn. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é gan-an nìyẹn.

Nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, iná kábáàdì ló wà níwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn, omi á kán sórí kábáàdì, gáàsì á jáde, wọ́n á ṣáná sí i, irú èyí táwọn ọdẹ wa máa ń dè mọ́rí lọ sóko lóru náà ni. Lọ́dún 1912 ni Cadillac gbé mọ́tò tó ń fi iná bátìrì ṣíṣẹ́, sítátà àti iná iwájú, jáde, ibẹ̀ lọ̀nà ti là, torí wáyà ṣe é fà lọ síbi tó bá wuni. Wọ́n wá ń de iná kékeré mọ́ férémù gíláàsì iwájú, dẹ́rẹ́bà á nawọ́ síta yí i. Ọkọ̀ ìgbà yẹn ò kúkú bò, atẹ́gùn ń fẹ́ sí wọn lójú, nínawọ́ síta ò le rárá.

Àwọn ọdún 1920 sókè ni ọ̀pọ̀ mọ́tò wá di èyí tó ní ilẹ̀kùn, gíláàsì àti òrùlé yíká. Òjò ń rọ̀, o ti yí gíláàsì sókè, báwo lo ṣe fẹ́ yí iná tó wà níta? Ni wọ́n bá dá òpó lu. Ọ̀pá oníhò kan gba inú òpó kọjá, wáyà gba inú ọ̀pá, ìdìmú wà nínú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn. Tó o bá gbé ìdìmú síhìn-ín sọ́hùn-ún iná á bá ọ lọ, tó o bá wá lọ́ ìdìmú yẹn fúnra ẹ̀, jíà kékeré tó wà níbẹ̀ á yí ojú iná síbi tó o fẹ́. Súìṣì ẹ̀ náà wà lára ìdìmú. Ọgbọ́n yẹn wù mí púpọ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, ìkejì ò kúrò lára sítíárìn.

Chicago ní Amẹ́ríkà ni iléeṣẹ́ ńlá méjì tó ń ṣe iná yìí ti wá, Unity tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1918, àti Appleton. Àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ló gbà á mọ́ra jù, wọ́n fi ń wá nọ́ńbà ilé lóru láì sọ̀ kalẹ̀. Panápaná náà lò ó, àgbẹ̀ tó ń fi píkọ́ọ̀pù wá màlúù náà lò ó. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì làwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ wá sọ Appleton di fáàrí, débi tí wọ́n ń ta ayédèrú tí ò ní gílóòbù nínú rárá. Mi ò rò pé ó yẹ ká tẹ̀lé wọn débẹ̀.

Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, bátìrì fóòtì (volt) mẹ́fà ni, àárín àwọn ọdún 1950 ni wọ́n bọ́ sí méjìlá. Nítorí náà tí ẹ bá rí ojúlówó iná àtijọ́ rà, ẹ yẹ gílóòbù ẹ̀ wò, ti fóòtì mẹ́fà lórí bátìrì wa tó jẹ́ fóòtì méjìlá, ojú ẹsẹ̀ ló máa jó.

Tiwa ńkọ́? Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún, ni sítíárìn bá wá sápá òsì bíi ti Amẹ́ríkà. Iná tí wọ́n ṣe fún òpó òsì níbẹ̀, ọwọ́ dẹ́rẹ́bà wa ló bọ́ sí gẹ́lẹ́. Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù tí wọ́n tò ní Kàdúná àti Datsun àtijọ́ tó ń kó iṣu gba ọ̀nà Ìkìrun, òpó irin tó ṣófo ni wọ́n ní. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tuntun, wáyà àti éábáàgì ló wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dírílì kàn án.

Ìdàgẹ̀rẹ̀ òpó ọkọ̀ ò dọ́gba, ìdí tí Unity fi ṣe irin ìdè tó bá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mu nìyẹn, tí ẹ ò bá rí ti Peugeot, wẹ́dà ló máa rọ ọ́. Ẹ fi dírílì tín-ín-rín kọ́kọ́ wá ojú ọ̀nà látìta dé inú, ẹ wò ó pé ìdìmú ò ní kan dáṣíbọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ tó fẹ ihò náà. Ẹ kun ẹnu ihò lọ́dà kó má dógùn-ún, ẹ fi rọ́bà sí i kí òjò má wọlé, kí réwáyà sì fa wáyà láti bátìrì gba inú fíúùsì tiẹ̀, kó má lọ so ó mọ́ wáyà iná iwájú.