Àgbáyun Kì í Gbé Ṣúgà Wọlé, Kì í sì í Lé Ṣúgà Jáde

Àwọn tó ń polówó àgbáyun lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ó ń wo àtọ̀gbẹ sàn, ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ó ń mú èèyàn fọn. Iṣẹ́ tí èso yìí ń ṣe gan-an yani lẹ́nu ju gbogbo ìyẹn lọ, orí ahọ́n ló sì ti ń ṣe é.

Èso pupa tín-ín-rín ni, kóró kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ara funfun fẹ́lẹ́ tó bo kóró náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn. Inú ara funfun yẹn ni purotéènì kan wà tó ń jẹ́ miraculin. Bí èèyàn bá yí i kiri ẹnu fún bí ìṣẹ́jú kan, miraculin á lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn, á sì dákẹ́ síbẹ̀.

Miraculin dà bí onílù tó gbé gángan há abíyá. Ó ti di ọṣán mú, kò tíì fún un. Kíkan ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń fún ọṣán. Bí ásíìdì bá ti dé, miraculin á yí ìrísí padà, ahọ́n á sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ṣúgà dé. Itọ́ á fọ ásíìdì lọ, ọṣán á dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Ẹ tún fẹnu kan ọsàn, ohùn á tún ròkè. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ fún bí ìdajì wákàtí, nígbà mìíràn ju wákàtí kan lọ, kí onílù tó gbé ìlù kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi lásán kì í fi dùn lẹ́yìn àgbáyun. Iná sì máa ń ba miraculin jẹ́, nítorí náà èyí tí wọ́n bá sè kò lè yí adùn ohunkóhun padà mọ́.

Ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ yẹn ló ń bí mi nínú. Adùn orí ahọ́n kò dé inú ẹ̀jẹ̀. Bí alátọ̀gbẹ bá jẹ àgbáyun, tó wá mu ògì kíkan láìbu ṣúgà sí i, ṣúgà tí kò bù yẹn ni èrè rẹ̀, èrè ńlá sì ni. Èyí tó bá ti bù sínú ògì tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. Àwọn baba wa mọ ìlò rẹ̀: lọ́dún 1852, dókítà ará Ìlú Ọba kan, W. F. Daniell, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn èèyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń fi mú oúnjẹ àgbàdo àti ẹmu tó ti kan dùn lẹ́nu. Kò kọ ọ́ pé wọ́n ń fi fọ ẹ̀jẹ̀.

Ásíìdì náà kò lọ síbì kankan. Ahọ́n tó yẹ kó kìlọ̀ ni wọ́n tàn. Bí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú bá fi àgbáyun mu ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́fà, oyin ni ẹnu yóò pè é, ṣùgbọ́n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló máa dé inú pẹ̀lú gbogbo kíkan wọn.