Google Kọ́ Ló Bú Ààrẹ Amẹ́ríkà

Nígbà tí ọdún 2003 ń lọ sópin, ẹni tó bá tẹ "miserable failure" sínú Google, èyí tó túmọ̀ sí ẹni tó kùnà pátápátá, ìtàn ìgbésí ayé George W. Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ló máa kọ́kọ́ rí, lórí ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àwọn mìíràn bínú. Àtẹni tó rẹ́rìn-ín àtẹni tó bínú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbà pé àwọn òṣìṣẹ́ Google ló jókòó tí wọ́n fi ààrẹ ṣẹ̀sín. Ìgbàgbọ́ yẹn ṣì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn dòní, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Larry Page àti Sergey Brin, tí wọ́n dá Google sílẹ̀ lọ́dún 1998, gbé iṣẹ́ wọn ka orí líǹkì, ìyẹn ọ̀rọ̀ téèyàn ń tẹ̀ lórí ìkànnì kan láti dé ojú ìwé mìíràn. Bí ìkànnì kan bá fi líǹkì júwe òmíràn, ẹ̀rọ náà á kà á sí ẹ̀rí pé òmíràn yẹn níyì. Ó tún máa ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára líǹkì, á sì gbà pé ohun tí ojú ìwé ọ̀hún dá lé nìyẹn. Àwọn tó ń kọ búlọ́ọ̀gì, tí wọn ò fẹ́ràn Bush, mọ èyí. Wọ́n fẹnu kò, oníkálukú kọ "miserable failure" sórí ìkànnì tirẹ̀, ó sì so ó mọ́ ojú ìwé ààrẹ. Kò pọn dandan kí ọ̀rọ̀ náà wà lójú ìwé ààrẹ rárá. Ẹlẹ́rìí ti pé, ẹ̀rọ kò sì mọ ẹ̀fẹ̀ yàtọ̀ sí òótọ́. Nígbà tó yá, àwọn tó wà lẹ́yìn Bush náà fi ọ̀rọ̀ kan náà so mọ́ Michael Moore, tó máa ń ṣe fíìmù.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí: líǹkì tó ṣe iṣẹ́ náà kò ní láti pọ̀. Ta ló ń du "miserable failure"? Kò sí oníṣòwò tó ń tà á, kò sí ilé ìwé tó ń kọ́ ọ. Níbi tí kò ti sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, ohùn èèyàn mélòó kan ti tó láti borí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2007, Google tún ìlànà ẹ̀rọ náà ṣe kí irú eré bẹ́ẹ̀ má baà ṣiṣẹ́ mọ́. Ìdí tí wọ́n fúnra wọn sọ ni pé àwọn èèyàn ti ń rò pé èrò Google ni.

Síbẹ̀, ní oṣù kejìlá ọdún 2018, aṣòfin Zoe Lofgren ṣì ń bi Sundar Pichai, ọ̀gá Google, pé kí ló dé tí àwòrán Donald Trump fi ń jáde béèyàn bá wá "idiot", ìyẹn òmùgọ̀. Pichai dáhùn pé àwọn kì í fọwọ́ to àbájáde. Ẹ̀rọ ń wo ibi tí àwòrán àti ọ̀rọ̀ bá ti ń wà pa pọ̀. Bí àwọn oníròyìn sì ṣe ń kọ nípa rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń lágbára sí i.

Mo gbà pé Google fúnra wọn dá kún àṣìlóye yìí. Tẹ "do a barrel roll", ojú ìwé á yí po. Tẹ "askew", á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òṣìṣẹ́ wọn ló dìídì ṣe ìyẹn. Ayédèrú tún wà: lọ́dún 2003 kan náà, ẹnì kan ṣe ojú ìwé tó jọ ti Google, tó ń bi ẹni tó wá ìṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Faransé bóyá ìgbà tí àwọn ọ̀tá ṣẹ́gun wọn ló ní lọ́kàn. Google kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn kan tún ń fi irú líǹkì bẹ́ẹ̀ wá owó. Lọ́dún 2011, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí ẹgbẹẹgbẹ̀rún líǹkì tó ń gbé JC Penney, ilé ìtajà kan ní Amẹ́ríkà, síwájú nínú àbájáde Google, tó sì wà lórí àwọn ìkànnì tí kò jẹ mọ́ ọjà wọn rárá. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn kò mọ̀ sí i. Google sì tì wọ́n sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára nítorí rẹ̀ jù ni ẹni tí kì í ṣe ààrẹ, tí kò ní ilé ìtajà, tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbi púpọ̀. Bí ẹnì kan bá kọ irọ́ nípa rẹ̀ sórí ìkànnì kan ṣoṣo, irọ́ yẹn ló ṣeé ṣe kó jáde síwájú, torí kò sí ojú ìwé mìíràn tó dárúkọ rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ tó bá rí i á ní Google ló sọ ọ́, á sì ju ìwé ìwáṣẹ́ onítọ̀hún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.