Ṣé Miss Marple Ti Di Ọ̀fẹ́ Lóòótọ́? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Fẹ́ràn Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Bí ọdún 2026 ṣe wọlé báyìí ni ìròyìn kan gba orí fóònù kiri: Miss Marple, ìyá àgbà tó máa ń tú àṣírí apànìyàn nínú ìwé Agatha Christie, ti bọ́ lọ́wọ́ òfin, ẹnikẹ́ni ló sì lè lò ó bó ṣe wù ú. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹkàwé ní Ìlọrin níbí ti ń bi mí bóyá àwọn lè tẹ ìwé náà tà, bóyá àwọn lè túmọ̀ rẹ̀, bóyá àwọn lè máa pín in kiri. Ìròyìn náà kì í ṣe irọ́, wọn ò kàn sọ ọ́ tán ni. Mo fẹ́ràn irú ìwé yìí gan-an, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún èyí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kà, ni mo bá kó ìbéèrè yín jọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ọdún 95 ni ẹ̀tọ́ àdàkọ, ìyẹn ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé láti pinnu ẹni tó lè tẹ ìwé rẹ̀ tàbí túmọ̀ rẹ̀, fi wà lórí ìwé tó jáde ní 1930. Ọdún 95 náà pé nígbà tí 2025 parí. Ọdún 1930 yẹn ni *The Murder at the Vicarage* jáde, ìwé ìtàn gígùn àkọ́kọ́ tí Miss Marple wà nínú rẹ̀. Ọdún náà ni *The Maltese Falcon* ti Dashiell Hammett jáde ní odindi ìwé, àti ìwé mẹ́rin àkọ́kọ́ lórí Nancy Drew, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tọpinpin ọ̀ràn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, ẹni tó bá wà ní Amẹ́ríkà lè tẹ̀ wọ́n láì tọrọ àyè.

Ṣé ó ti di ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà náà?

Rárá. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ 2047 kí ti Christie tó di ọ̀fẹ́ níbí.

Kí ló fa ìyàtọ̀ yẹn?

Ọdún tí òǹkọ̀wé kú ni òfin tiwa ń kà, kì í ṣe ọdún tí ìwé rẹ̀ jáde. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, ní kí ẹ̀tọ́ náà wà títí ọdún 70 yóò fi pé lẹ́yìn ìparí ọdún tí òǹkọ̀wé papò dà. Oṣù kìíní 1976 ni Christie kú. Ẹ ka àádọ́rin ọdún láti ìparí 1976, ìparí 2046 lẹ máa bá a. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílùú òyìnbó níbi tí wọ́n ti bí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé òfin Nàìjíríà kàn fẹ́ ni wá lára ni, ẹ gbọ́ apá kejì. Arthur Conan Doyle kú ní 1930, nítorí náà gbogbo ìtàn Sherlock Holmes tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti bọ́ lọ́wọ́ òfin níbí láti 2001. G. K. Chesterton, tó kọ ìtàn Fádà Brown, kú ní 1936. Tirẹ̀ náà ti bọ́ tipẹ́. Josephine Tey kú ní 1952. *The Daughter of Time* tó kọ ní 1951 ṣì wà nínú àhámọ́ ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ó ti bọ́ níbí láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó sì mọ Yorùbá kọ dáadáa lè jókòó ní Òmù-Àrán lónìí, kó túmọ̀ odindi Sherlock Holmes sí Yorùbá, kó tẹ̀ ẹ́, kó tà á. Ó dùn mí pé ìròyìn Miss Marple ni gbogbo èèyàn ń sáré tẹ̀ lé, tí àyè tó ti ṣí sílẹ̀ fún wa fún ohun tó lé lógún ọdún sì wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó dára?

Ó dára gan-an, n kì í sì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa gbogbo ìwé Christie.

Àlùfáà ìjọ ní abúlé kan tó ń jẹ́ St Mary Mead ló ń sọ ìtàn náà. Nídìí oúnjẹ ọ̀sán ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ẹni tó bá pa Kọ́nẹ́ẹ̀lì Protheroe ṣe aráyé lóore. Kò pẹ́ sí i, wọ́n bá Kọ́nẹ́ẹ̀lì náà nínú yàrá ìkàwé àlùfáà yìí kan náà, ìbọn ti bà á lórí, ó ti kú. Aago orí tábìlì ti dà wó, ó sì ti dúró sí aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 22. Inú ọ̀gá ọlọ́pàá tó wá ṣèwádìí dùn, ó gbà pé ọwọ́ òun ti ba ẹ̀rí. Ohun tí gbogbo ará ilé àlùfáà mọ̀, tí ọ̀gá yìí kò mọ̀, ni pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àlùfáà máa ń fi aago yẹn sáré ṣáájú, kó má baà máa pẹ́ dé ibi tó ń lọ. Àlùfáà fẹ́ sọ fún un, ọ̀gá ò jẹ́ kó la ẹnu.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òǹkọ̀wé yìí mọ ohun tó ń ṣe. Ohun kékeré inú ilé, tí kò jọ nǹkan kan, tí ìyàwó ilé àti ọmọ ọ̀dọ̀ mọ̀, ni gbogbo ọ̀ràn rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan lọ jẹ́wọ́ pé òun lòun pa á. Obìnrin kan náà tún jẹ́wọ́ pé òun ni. Abúlé pín sí méjì. Miss Marple, tí ọgbà òdòdó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àlùfáà, ní tirẹ̀ sọ pé ó kéré tán, èèyàn méje ni òun lè fura sí.

Ó ní àbùkù. Orúkọ pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀. Mary, ọmọ ọ̀dọ̀ ilé àlùfáà, kò níṣẹ́ púpọ̀ ju pé kó máa se oúnjẹ tí kò dùn kí wọ́n sì máa fi ṣẹ̀fẹ̀, èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, torí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ló máa ń rí ohun tí ọ̀gá wọn ò rí. Miss Marple náà kì í ṣe ìyá jẹ́ẹ́jẹ́ tẹ́ ẹ rí nínú fíìmù. Olófòófó ni, àwọn aládùúgbò ń sá fún un. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló pa Kọ́nẹ́ẹ̀lì? N ò ní sọ.

Kí ló mú irú ìtàn yìí yàtọ̀ sí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yòókù?

Ẹni tó ń wádìí kì í ṣe ọlọ́pàá, ìlú kò tóbi, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn lójú ewé, gbogbo olobó wà níwájú òǹkàwé bó ṣe wà níwájú ẹni tó ń wádìí, ọ̀ràn sì gbọ́dọ̀ yanjú kí ìwé tó parí.

*The Maltese Falcon* kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú San Francisco ló ti ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó ṣeé fọkàn tán nínú rẹ̀, Sam Spade tó ń wádìí gan-an ń kọ mí lóminú. Mo bọ̀wọ̀ fún ìwé náà, àmọ́ n ò ní tún un kà. Tiwa tó sún mọ́ irú èyí jù ni *Àjà Ló Lẹrù* tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969. Lápàdé tó ti fiṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ló ń lépa àwọn ọ̀daràn níbẹ̀, ìjà wà, eré sísá wà, òwe sì ń tú lẹ́nu rẹ̀ bí ewu ṣe ń sún mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí fún adùn ọ̀rọ̀, ti Òkédìjí ni màá mú, n ò sì ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣé irú ìtàn St Mary Mead lè bá ilé wa mu?

Ó bá a mu ju bó ṣe bá Lọ́ńdọ́ọ̀nù mu lọ. Ẹ wo agboolé kan ní Ìlọrin, níbi tí ọ̀pọ̀ ìyàrá ti kọjú sí àgbàlá kan ṣoṣo. Ìyá tó ń ta wàrà lẹ́nu ọ̀nà mọ ẹni tó jáde kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ó mọ bàtà tí ẹni náà wọ̀, ó mọ̀ pé kì í ṣe bàtà tó máa ń wọ̀ nìyẹn. Bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, Mágàjí ni wọ́n á kọ́kọ́ lọ bá, ọlọ́pàá á dé lẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó máa rántí bi ìyá oníwàrà ní nǹkan kan. Àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Òkèlélé náà ń kọ́, ta ló ń kọjá tí wọn ò rí?

Gúúsù Kwara tún ní ọ̀ràn tó ti wà nílẹ̀ kí òǹkọ̀wé kankan tó dé. Ní Ẹ̀síẹ́, ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan wà nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1945, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọkùnrin, obìnrin, àwọn tó jókòó lórí àpótí, àwọn tó mú idà dání. Ọ̀pọ̀ ló ti kán lọ́rùn. Ta ló gbẹ́ wọn? Ta ló kán wọn? Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. Ẹni tó bá fi ìtàn ìpànìyàn sí ìlú bẹ́ẹ̀, èmi ni n ó kọ́kọ́ ra ìwé náà.

Ṣé mo lè kọ ìtàn ìyá àgbà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tèmi?

Kọ ọ́. Òfin kò fún ẹnikẹ́ni ní èrò ọkàn ṣe ohun ìní. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni òfin ń dáàbò bò. Ìyá àgbà tó ń ṣọ́ àdúgbò kì í ṣe ti Christie nìkan. Má sáà pè é ní Miss Marple, má gbé ọ̀rọ̀ inú ìwé Christie sínú tìrẹ. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ohun tó wà nínú ìwé 1930 nìkan ló ṣí sílẹ̀ nínú ìtàn gígùn rẹ̀; ìwé ìtàn gígùn méjìlá ló wà lórí rẹ̀, mọ́kànlá yòókù ṣì wà lábẹ́ òfin.

Ojú wa ń rí tó. Kí la tún fẹ́ fi ìtàn ìpànìyàn ṣe?

Ìbéèrè yìí ló wúwo jù, n ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin 2018, àwọn adigunjalè ya bo báńkì ní Ọ̀fà, wọ́n pa ọ̀pọ̀ èèyàn, ọlọ́pàá pọ̀ nínú wọn. Ní oṣù kọkànlá 2025, àwọn agbébọn wọ ìjọ kan ní Ẹ̀rúkù lásìkò ìsìn, wọ́n pààyàn, wọ́n kó olùjọsìn wọgbó. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ wà nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, tó bá ní òun ò fẹ́ ka ìtàn ikú, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ìwé yìí dà á láàmú.

Àmọ́ ẹ wo ìgbà tí irú ìtàn yìí gbilẹ̀ nílùú òyìnbó: láàárín 1920 sí 1939, lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti pàdánù ọmọ. Ikú tí wọ́n rí lójú ogun pọ̀ débi tí ẹnì kan ò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Nínú ìwé Christie, ẹnì kan ṣoṣo kú, gbogbo abúlé sì dúró: ta ló ṣe é, kí ló dé, níbo ni olúkúlùkù wà? Kò sẹ́ni tó máa sùn títí ìdáhùn á fi dé. Ohun tí mo ń wá nínú ìwé yìí nìyẹn. Kì í ṣe ikú ni mo ń kà á fún. Ìlú tí wọ́n ti ka ẹ̀mí ẹnì kan sí tó bẹ́ẹ̀ ni mo ń lọ wò.

Ṣé kò ní kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwà ibi?

Christie mọ májèlé dáadáa, torí ó ṣiṣẹ́ nídìí oògùn nílé ìwòsàn nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ní 1977, wọ́n gbé ọmọdébìnrin kan wá láti Qatar sí ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, àwọn dókítà ò mọ ohun tó ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì kan tó ń ka *The Pale Horse*, ìwé Christie mìíràn, lọ́wọ́ ló rí i pé irun ọmọ náà ń jẹ gẹ́gẹ́ bíi ti àwọn tó jẹ májèlé thallium nínú ìwé yẹn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà ni. Ọmọ náà yè. Ọmọ tó bá ti tó ọdún mẹ́tàlá lè ka Christie láìséwu, kí òbí kọ́kọ́ kà á ṣáájú.

Ẹnì kan fi PDF ìwé náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé ó ti di ọ̀fẹ́ ńkọ́?

Má pín in mọ́. Wo orúkọ fáìlì náà pẹ̀lú: bí ó bá parí sí .apk, fáìlì tí wọ́n fi ń gbé áàpù sórí fóònù ni, kì í ṣe ìwé rárá, má ṣí i, pa á rẹ́ kíá.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì nítòsí Yunifásítì. Kí ló lè dé bá mi?

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú ojú ewé mélòó kan wá láti fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, òfin fàyè gba ìyẹn. Bí o bá da odindi ìwé Christie kọ, tí o dì í, tí o sì gbé e síta fún títà, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó lè já sí owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n, kódà méjèèjì. "Wọ́n ní ó ti di ọ̀fẹ́ ní Amẹ́ríkà" kò ní gbà ọ́ ní kóòtù. Sherlock Holmes ni kí o máa tẹ̀.

Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ìtàn kúkúrú ti Sherlock Holmes; wọ́n wà lórí ìkànnì ayélujára Project Gutenberg lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí ìbẹ̀rù òfin. Lẹ́yìn náà, ra *Àjà Ló Lẹrù*, kì í ṣe ẹ̀dà ayédèrú, torí ẹ̀tọ́ Òkédìjí ṣì wà lórí rẹ̀. Kó o tó wá wọ St Mary Mead, wá bébà kan kó o máa kọ orúkọ olúkúlùkù sí i bí wọ́n bá ṣe ń yọjú, pẹ̀lú aago tí ẹni náà ní òun wà níbì kan. Lórí bébà yẹn, kó o tó dé ìdajì ìwé, wàá ti rí ẹni tí àkókò rẹ̀ kò bára mu.