Ta ló ń fi ọba jẹ? Bí ẹ̀sìn, orúkọ àti agbára ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láti Kétu dé Àjàṣẹ́

Ilé ọba márùn-ún ló wà ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin níbí, wọ́n dẹ̀ ń jẹ ọba kiri láti ilé kan sí èkejì. Tí ilé tó kàn bá ti mú ọmọ wá, ọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn nìyẹn, ó di ti àwọn afọbajẹ, Ifá á sọ tiẹ̀, orò á tẹ̀lé e, kò sì sí ọmọ ọba kankan tó lè ṣe orò yẹn fún ara ẹ̀. Ẹni tó lè jọba ò lè fi ara ẹ̀ jọba, ẹni tó ń fi ọba jẹ náà ò lè gun orí ìtẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín agbára sí méjì.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Àwọn kan ní aṣọ lásán ni orò, pé ẹni tó bá ti lágbára ló máa ń wá ìtàn Ilé-Ifẹ̀ tó bá a mu. Àwọn míì ní rárá o, orò fúnra ẹ̀ lágbára, torí ọba tó bá tẹ èèwọ̀ lójú ò ní pẹ́ lórí ìtẹ́. Karin Barber tó ṣiṣẹ́ ní Òkukù wá gbé tiẹ̀ wá ní 1981, ó ní òrìṣà dà bí èèyàn ńlá kan láàárín ìlú, àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ńlá, tí wọn ò bá bọ ọ́ mọ́ agbára ẹ̀ á dín kù. Tiẹ̀ yìí ló sún mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa jù, torí inú agbo ilé kan náà lẹ ti máa rí bàbá tó jẹ́ ìmàle, àbúrò ẹ̀ tó ń bọ Ògún àti ọmọ tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kálukú sì mọ ohun tó ń wá níbi tó lọ.

Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ná. Ìtàn ní Kétu ló ti bẹ̀rẹ̀, UNESCO náà kéde ẹ̀ ní 2001. Àwọn ìyá ni wọ́n ń fi yẹ́ sí, ìyẹn agbára àwọn àgbà obìnrin tí ọba pàápàá gbọ́dọ̀ bẹ̀rù. Ìyálàṣẹ ló ń darí ẹ̀, ọkùnrin ló ń gbé e jó. Lóru, kí ijó ọ̀sán tó dé, Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, á jáde sí ọjà, á júbà, á wá bẹ̀rẹ̀ orin, ìjòyè tó ń gba rìbá, ẹni tó jalè, olóṣèlú tó ṣèlérí títì tí a ò rí títì, gbogbo wọn ló máa bọ́ sórin, kò sì sẹ́ni tó máa mú un torí àwọn ìyá wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó ṣòro láti gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ kéèyàn tún máa sọ pé ẹ̀sìn kàn ń bo àṣírí alágbára ni.

Ní 1886 Dàhòmè fọ́ Kétu, wọ́n kó èèyàn lọ sí Àgbómẹ̀, olú ìlú wọn. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhòmè, àwọn tó kù padà wálé, wọ́n tún ìlú tò, ọba tún jẹ ní 1894, àmọ́ abẹ́ Faransé ló ti jẹ báyìí. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sì ti fa ààlà ní 1889, Kétu wà lápá ibí, ti Faransé, Ìmẹ̀kọ tó ń wárí fún Alákétu, ọba Kétu, tẹ́lẹ̀ bọ́ sápá ọ̀hún, ní Nàìjíríà. Asiwaju, onímọ̀ ìtàn tó jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ fúnra ẹ̀, ló fi ìlú méjèèjì wéra. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba ọwọ́ ọba ṣèjọba, ni Onímẹ̀kọ, ọba Ìmẹ̀kọ, bá ń ga sí i, Faransé ò fẹ́ ẹnikẹ́ni tó máa ga ju kòmándà, ìyẹn òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè, lọ, ni Alákétu bá ń wálẹ̀ títí ó fi di ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ owó orí. Orírun kan náà ni àwọn méjèèjì ní o! Ohun tó yí padà ni pé ẹni tó lè gbé ọba lé ìtẹ́ tó sì lè yọ ọ́ ti wá jókòó sí ọ́fíìsì kòmándà. Àwọn aráàlú náà fi ẹsẹ̀ fèsì, ọ̀pọ̀ ló sá kọjá ààlà lọ sápá Gẹ̀ẹ́sì nítorí iṣẹ́ ipá, owó orí àti iṣẹ́ ológun.

Orúkọ náà ò dúró sójú kan. Ìwé Faransé kó Kétu, Ṣábẹ, Ọ̀họ̀rí, gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ Nago. Lápá ọ̀hún, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Peel ṣàlàyé ní 2000 pé àwọn àlùfáà bíi Crowther pẹ̀lú Bíbélì àti ìwé kíkà ló sọ Yorùbá di orúkọ gbogbo wa, nígbà tó jẹ́ pé àwọn Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń fi í pè tẹ́lẹ̀. Ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, Kétu ti di orúkọ ẹ̀ka ẹ̀sìn òrìṣà kan odindi, àwọn tí baba ńlá wọn ò dé Kétu rí wà níbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé míì, Matory, sọ pé àwọn oníṣòwò tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Èkó àti Bahia dá sí bí orúkọ yẹn ṣe gbayì. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣe ni wọ́n kàn kó àṣà sínú ọkọ̀ ojú omi tó sì dúró bó ṣe wà.

Àwọn tó padà láti Bahia, àwọn Àgùdà, kó sí Àjàṣẹ́ níbí, ìyẹn Porto-Novo. Gbogbo wọn kọ́ ló jẹ́ Kátólíìkì o, ìmàle wà nínú wọn. Mọ́sáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ tí wọ́n kọ́ láàárín 1912 àti 1935, ojú ẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia gan-an. Ignacio Paraiso, ìmàle Àgùdà tí bàbá ẹ̀ ti ṣe ẹrú ní Bahia, sún mọ́ Tófà, ọba Àjàṣẹ́, ó tún sún mọ́ Faransé. Àwọn ìmàle yòókù ò gba tiẹ̀, ìjà mọ́sáláṣí wọnú ìjà ìtẹ́ ọba, ó tún wọnú ìjà owó orí, títí gbogbo ẹ̀ fi bú jáde ní 1923, tí Faransé fi kó sójà wọ ìlú, tí wọ́n sì lé Louis Hunkanrin, ajìjàgbara tó ń ta ko ìjọba wọn, lọ sí Mauritania. Ìmàle bá ìmàle jà, torí náà ẹ̀sìn nìkan ò lè ṣàlàyé ẹ̀.

Kérékou, ológun tó ń ṣe olórí orílẹ̀-èdè wa, gbìyànjú lẹ́yìn 1974 láti gba agbára lọ́wọ́ àwọn olórò, ìjọba ẹ̀ ń lé àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́ kiri. Nígbà tó di 1990 bíṣọ́ọ̀bù, de Souza, ló darí àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè tó tú ìjọba yẹn palẹ̀, òfin 1997 sì wá fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi tiẹ̀, 10 oṣù kìíní.

Àjàṣẹ́ yìí náà ni Oschoffa ti dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní 1947. Ìjọ yẹn rọ́ kọjá ààlà wọ Nàìjíríà, Ìmẹ̀kọ ni wọ́n sin ín sí ní 1985. Lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni ìjà àga bẹ̀rẹ̀, ó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà, nígbà tó yá àwọn kan ń tẹ̀lé olórí tó wà ní Àjàṣẹ́, àwọn míì ń tẹ̀lé èyí tó wà ní Nàìjíríà, ohun tí wọ́n sì ń bá ara wọn fà ni ẹni tó láṣẹ láti fi pásítọ̀, ìyẹn olórí gbogbo ìjọ, jẹ.