Ọ̀bẹ ló ń gbin ọgbà ewéko

Àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní ìlú ọba kì í yé fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa ní nọ́sìrì tí a ti ń tọ́ igi: ògiri ewéko kíki kan tó yí ilé ká, tí wọ́n gé rẹ́gí, tí ewé kan kò yọ síta. "Irú èyí ni kí ẹ bá mi gbìn sílé mi ní Ìdó." Yew ni wọ́n ń pe igi yẹn. Igi ilẹ̀ òtútù ni, ooru tiwa kò lè bá a lára mu, bẹ́ẹ̀ ewé àti kóró rẹ̀ ní májèlé tó lè pa ènìyàn àti màlúù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbìn ín lọ́hùn-ún. Ohun tó yẹ ká gbà lọ́wọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹ̀ka ni wọ́n máa ń gé gbìn, gígé lemọ́lemọ́ náà ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́ di ògiri. Igi tiwa náà gba irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ohun tí ẹ fẹ́ kí ọgbà náà ṣe. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìnkùlé lẹ fẹ́ dí, akòko ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ gé ẹ̀ka tó nípọn tó ọrùn ọwọ́, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4 tàbí 5, kí ẹ ri ẹsẹ̀ bàtà kan mọ́lẹ̀, yóò hù. Agúnmániyè náà ń hù bẹ́ẹ̀, àmọ́ ewúrẹ́ fẹ́ràn ewé rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí òpó rẹ̀ ga kọjá ẹnu wọn. Ìgbà tí ẹ gé ẹ̀ka ṣe pàtàkì ju bí ilẹ̀ ṣe rí lọ. Ìparí oṣù Èrèlé sí oṣù Ẹrẹ́nà ló dára, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tí òjò kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Oúnjẹ tí igi kó pamọ́ ṣì wà nínú ẹ̀ka nígbà yẹn. Bí ẹ bá dúró dìgbà tó rú ewé tuntun, oúnjẹ náà ti bá ewé lọ, òpó lásán lẹ gbé dání.

Ewé oyè ni akòko, ẹ sì mọ̀ bí oyè ṣe pọ̀ tó ní Èkìtì. Wọn yóò wá kanlẹ̀kùn yín láàárọ̀ ọjọ́ ìwúyè. Èmi ò rí i bíi wàhálà. Wọ́n ń bá yín gé e lọ́fẹ̀ẹ́ ni.

Làpálàpá rọrùn, ẹran kì í sì í fẹ́ jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n èmi kì í gbìn ín sí ilé tí ọmọdé wà. Kóró rẹ̀ kì í korò lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ oró inú rẹ̀ ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ẹ, kó jẹ́ kí ojú ibi tó gé gbẹ ní ibòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó rì í mọ́lẹ̀, kí ìdí rẹ̀ má baà jẹrà. Oje rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ.

Pèrègún ńkọ́? Kíá ló ń hù, ṣùgbọ́n ààlà ilẹ̀ la mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ má gbìn ín síbi tí kì í ṣe ààlà, kó má di ẹjọ́ sọ́rùn àwọn ọmọ yín. Ọgbà yòówù kó jẹ́, ẹ wọlé ní ẹsẹ̀ bàtà 2 kúrò lórí ààlà, kí ẹ lè ríbi dúró gé ẹ̀yìn rẹ̀ láìtẹ ilẹ̀ aládùúgbò.

Iwájú ilé lọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ixora, igi òdòdó kékeré kan, ni mo fi ń dá àwọn tó fi fọ́tò yew ránṣẹ́ lóhùn: ó máa ń ki, ó sì fara da ọ̀bẹ. Ẹ gé e láàárín oṣù Èbìbí sí Agẹmọ, láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Ẹ tẹ ẹ̀ka wò: bó bá ká láìdá, ó ti rọ̀ jù, bí èèpo rẹ̀ bá ti le gbagidi, ó ti gbó jù. Èyí tó wà láàárín méjèèjì, tí kò ní òdòdó lórí, lẹ ń wá. Ínṣì 4 sí 6 ti tó. Abẹ́ oríkèé gan-an ni kí ọ̀bẹ ti kọjá, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti máa ń tètè yọ. Ẹ gé ìsàlẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ẹ gé òkè ní tààrà, kí ẹ má baà dorí rẹ̀ kodò nígbà tí ẹ bá ń gbìn. Ẹ̀ka tí a dorí kodò ṣòro kó tó ta gbòǹgbò.

Ewé ló ń pa ẹ̀ka jù lọ. Omi ń bá ojú ewé lọ sínú afẹ́fẹ́ ní gbogbo ìgbà, bẹ́ẹ̀ kò sí gbòǹgbò tí yóò fa òmíràn wá. Ó dà bí ẹni tó ń làágùn nínú oòrùn tí kò rómi mu. Ẹ ṣẹ́ ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kí ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ lókè, kí ẹ sì gé ìyẹn náà sí ààbọ̀. Ẹ má ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ tán o, ewé ló ń ṣe oúnjẹ tí gbòǹgbò yóò fi yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ike omi tí ẹ gé ìdí rẹ̀ bò ó, tàbí nílọ́nù funfun tó mọ́ gaara, kí ọ̀rinrin má baà sá lọ.

Nílọ́nù píọ̀ wọ́tà tí ẹ lu ìdí rẹ̀ dára fún gbígbìn. Yanrìn odò ni kó pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀dú díẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, yóò jó gbòǹgbò. Ẹ kó o sábẹ́ igi tàbí àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ, kí ilẹ̀ rẹ̀ tutù láìrẹ gbindin. Ewé tuntun lè yọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí gbòǹgbò. Oúnjẹ inú ẹ̀ka ló ń ná. Ẹ má hú u wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ẹ rọra fà á: bó bá di ilẹ̀ mú, ó ti ta gbòǹgbò.

Ẹsẹ̀ bàtà kan síra ni kí ẹ gbìn wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́bàá fẹ́ǹsì tuntun. Sìmẹ́ǹtì tí bíríkìlà dà sílẹ̀ ń sọ ilẹ̀ di èyí tí Ixora kò fẹ́, ewé rẹ̀ yóò máa pọ́n, bí iṣan ewé bá tilẹ̀ ṣì tutù. Ajílẹ̀ kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ kó ilẹ̀ yẹn kúrò, kí ẹ fi ilẹ̀dú rọ́pò.

Ibi tí àwọn oníbàárà ti máa ń bá mi jà ni gígé. Igi ti ga dé orúnkún, ó ń dán, mo ní kí wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n ní ó ṣe wọ́n láàánú. Ṣóńṣó orí igi ló ń dá àwọn ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ dúró. Bí ẹ bá gé e, ẹ̀gbẹ́ yóò rú. Bí ẹ ò bá gé e, yóò ga, ìsàlẹ̀ yóò sì ṣófo, adìẹ yóò máa gba ibẹ̀ wọlé. Nígbàkúùgbà tó bá fi bí ínṣì 6 ga sí i, ẹ tún gé e. Ẹ jẹ́ kí ìdí fẹ̀ ju orí lọ kí oòrùn lè débẹ̀. Òótọ́ ni pé òdòdó Ixora kì í pọ̀ lábẹ́ irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀, nítorí orí ẹ̀ka ló ti ń tanná. Ẹni tó fẹ́ òdòdó, kó gbin díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́tọ̀ láìgé e.

Ọyẹ́ àkọ́kọ́ ló máa ń dán ọgbà wò, pàápàá lápá Ọ̀mùò àti Ìkọ̀lé. Ẹ bomi rin ín dáadáa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kan igi nítorí ikán. Ẹ fi bíi mẹ́wàá sílẹ̀ nínú nílọ́nù lábẹ́ ibòji. Èyí tó bá kú lórí ìlà, inú àwọn wọ̀nyẹn ni kí ẹ ti mú ẹgbẹ́ rẹ̀ di àyè náà nígbà òjò tó ń bọ̀.