Fíìmù Pa Igba Mílíọ̀nù, Olówó Rẹ̀ Sì Jẹ Gbèsè: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Owó Fíìmù

Bí oṣù Kejìlá bá ti dé, ìròyìn a máa tàn kálẹ̀ nílùú Òṣogbo, bó ṣe ń tàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, pé fíìmù báyìí-báyìí ti pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù náírà ní sinimá. Kì í pẹ́ lẹ́yìn náà tí a ó tún gbọ́ pé ẹni tó ṣe fíìmù náà ní owó tí òun ná kò tíì padà wọlé. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, àwọn mìíràn sì ti tìtorí rẹ̀ pe àwọn onífíìmù ní òpùrọ́. Ó dùn mí pé irú èdè-àìyedè bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní ìlú tí Dúró Ládiípọ̀ ti dá Mbari Mbayọ̀, gbọ̀ngàn eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní ọdún 1962, ìlú tí ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí fi ṣe ibùdó. Ìdí nìyí tí mo fi kó àwọn ìbéèrè tó máa ń jẹyọ jù lọ jọ síbí, tí mo sì dáhùn wọn.

Kí ni iye owó tí wọ́n ń kéde yẹn dúró fún gan-an?

Gbogbo owó tí àwọn òǹwòran san fún tíkẹ́ẹ̀tì ní ilé sinimá ni. Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ àwọn onísinimá, CEAN, wà lára àwọn tó ń kó iye yìí jọ tí wọ́n sì ń gbé e jáde. Ọjà tí wọ́n tà ni, kì í ṣe èrè. Ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Òṣogbo lè ta aṣọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà ní ọjọ́ ọjà kan, ṣùgbọ́n owó aṣọ funfun, owó aró, owó àwọn tó bá a rẹ aṣọ àti owó ìsọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé igba ẹgbẹ̀rún ni ìyá náà jẹ lérè. Ohun kan náà ni pẹ̀lú fíìmù, àfi pé àwọn tí owó fíìmù ń gba ọwọ́ wọn kọjá pọ̀ ju ti aláàdìrẹ lọ.

Bí fíìmù bá pa mílíọ̀nù 200, ọ̀nà wo ni ẹni tó fi mílíọ̀nù 80 ṣe é ṣe lè jẹ gbèsè?

Ẹ jẹ́ ká fi fíìmù kan tí kò lórúkọ ṣe ìṣirò, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké. Owó orí ọjà tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní VAT, ti jẹ́ ìdá 7.5 nínú 100 láti ọdún 2020, inú owó tíkẹ́ẹ̀tì ló sì máa ń wà. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú mílíọ̀nù 200, ohun tó kù jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 186. Lẹ́yìn èyí ni onísinimá yóò mú ìpín tirẹ̀. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n pín in sí méjì ọgbọọgba ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ìpín onísinimá sì máa ga sí i bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀. Ká tiẹ̀ sọ pé ọgbọọgba ni wọ́n pín in láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mílíọ̀nù 93 ló kù fún ọ̀dọ̀ onífíìmù.

Owó náà kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń pín fíìmù fún àwọn sinimá, tó bá a dúnàádúrà fún àkókò tí wọn yóò fi í hàn, tó sì bá a gba owó, yóò yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdá 10 nínú 100 péré ni, mílíọ̀nù 9 ó lé díẹ̀ ti lọ, ohun tó kù kò pé mílíọ̀nù 84. Pátákó ìpolówó, ìkéde orí rédíò, ayẹyẹ àfihàn àkọ́kọ́ àti ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì ń bẹ nílẹ̀ pẹ̀lú. Ká ní mílíọ̀nù 20 ni onífíìmù ná sí gbogbo ìyẹn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 64 ló wá kù tó lè fi san mílíọ̀nù 80 tó fi ṣe fíìmù. Mílíọ̀nù 16 ni gbèsè ọrùn rẹ̀, nígbà tí gbogbo ìlú ń kí i kú oríire. Bó bá jẹ́ pé ó yá owó náà ni, èlé ṣì wà lẹ́yìn.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi máa ń sọ pé ó yẹ kí owó tíkẹ́ẹ̀tì tó ìlọ́po méjì sí ìlọ́po méjì àtààbọ̀ owó tí wọ́n fi ṣe fíìmù, kí a tó lè sọ pé sinimá nìkan ti dá owó náà padà. Òfin kọ́ ni. Òṣùwọ̀n ojú lásán ni: fíìmù inú àpẹẹrẹ wa pa ìlọ́po méjì àtààbọ̀ gan-an, síbẹ̀ ó jẹ gbèsè; ó sì ń yí padà láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Bí àpẹẹrẹ, nígbà tí ilé iṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà máa ń gba bíi ìdajì owó tíkẹ́ẹ̀tì nílé, bíi ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló máa ń kàn án láti orílẹ̀-èdè China.

Kí ló wà nínú owó tí wọ́n fi ṣe fíìmù?

Owó òṣèré, owó àwọn oníkámẹ́rà àti onímọ̀ ohùn, aṣọ, ibi tí wọ́n ti ya àwòrán, oúnjẹ, ọkọ̀, ilé ìtura, àti iṣẹ́ àwọn tó ń to àwòrán pọ̀ lẹ́yìn tí ìyàwòrán bá parí. Ní tiwa, ẹ fi epo jẹnẹrétọ̀ kún un, nítorí ẹni tó bá dúró de iná mànàmáná kò ní parí iṣẹ́. Fíìmù dírámà tó dá lórí ìdílé kan nínú ilé kan lè má gba owó púpọ̀. Èyí tó dá lórí ọba, ìjòyè àti ogun yóò gba aṣọ, ẹṣin àti ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a gbọ́dọ̀ bọ́ láràárọ̀. Owó ìpolówó kì í sábà sí nínú iye tí wọ́n ń dá pè, bẹ́ẹ̀ sì ni èlé orí owó tí wọ́n yá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹnu onífíìmù fúnra rẹ̀ la ti sábà ń gbọ́ iye tó ná, nígbà tí owó tíkẹ́ẹ̀tì ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ta á wá. Bí a bá fi ìkan yọ ìkan, ohun tí a rí kì í ṣe ohun tí a lè búra lé lórí.

Ṣé fíìmù tó gba owó jù ló ń mú owó wọlé jù?

Rárá o, dírámà ló sì fi èyí hàn jù. Fíìmù Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Moonlight, tó jáde ní 2016, kò gbà ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là lọ láti ṣe, ó sì pa ju mílíọ̀nù 60 dọ́là lọ káàkiri àgbáyé. The Shawshank Redemption ti 1994 gba mílíọ̀nù 25 dọ́là. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní sinimá Amẹ́ríkà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 ló pa. Ìgbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar méje, tí wọ́n sì tún gbé e jáde, ló tó gun nǹkan bíi mílíọ̀nù 28. Ẹni tó bá dúró sórí ìṣirò yẹn yóò ní fíìmù náà kùnà. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí àwọn ènìyàn ń yá wò ní 1995, àti tẹlifíṣàn tó ń gbé e jáde léraléra lẹ́yìn náà, sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tí ayé fẹ́ràn jù lọ. Sinimá jẹ́ ilẹ̀kùn kan nínú àwọn ilẹ̀kùn tí owó ń gbà wọlé, mo sì gbà pé fún dírámà, kì í sábà jẹ́ èyí tó tóbi jù.

Ṣé bílíọ̀nù òde òní ju mílíọ̀nù àtijọ́ lọ lóòótọ́?

Ní ipari 2016 ni The Wedding Party jáde, ó sì pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 450 náírà. Ní oṣù Kejìlá 2023 ni A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé jáde, òun sì ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọjá bílíọ̀nù kan ní àwọn sinimá Nàìjíríà; nǹkan bíi bílíọ̀nù kan àti irinwó mílíọ̀nù ló pa kó tó kúrò níbẹ̀. Lójú, ìlọ́po mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi náírà 305 ní ọjà ìjọba nígbà ti àkọ́kọ́, ó sì ti di nǹkan bíi 900 nígbà ti ìkejì. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, fíìmù méjèèjì kò jìnnà síra wọn: bíi mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí kò bu iṣẹ́ Fúnkẹ́ Akíndélé kù rárá. Iṣẹ́ ńlá ni láti fa èrò tó bẹ́ẹ̀ wá sí sinimá ní àsìkò tí owó oúnjẹ gan-an ń ṣòro. Ohun tó sọ fún wa ni pé náírà ló já wálẹ̀, iye dọ́là tí wọ́n fi ń ra kámẹ́rà àti ẹ̀rọ kò sì já wálẹ̀.

Báwo ni àwọn àgbà òṣèré wa ṣe ń ṣe tiwọn?

Àwọn fúnra wọn ló ń dúró ti owó ẹnu ọ̀nà. Ní 1976, Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde, fíìmù tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, Adé Love àti Dúró Ládiípọ̀ ti Òṣogbo sì kópa nínú rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, onífíìmù a máa gbé ẹ̀dà fíìmù rẹ̀ rìn láti ìlú dé ìlú, bí ẹgbẹ́ eré alárìnjò ti ń ṣe, yóò fi í hàn ní gbọ̀ngàn ìlú àti ti ilé ìwé, ojú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ìdí ni pé bí ẹ̀dà kan bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò sí bí yóò ṣe mọ iye tí onítọ̀hún fi pa. Ó rẹni, ṣùgbọ́n olówó mọ iye owó rẹ̀. Ohun tó fọ́ ètò yìí ni pé fíìmù inú kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya àwòrán nígbà náà ń ti òkè òkun wá, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1986, èyí tí wọ́n ń pè ní SAP, apá ọ̀pọ̀ wọn kò ká a mọ́, ni wọ́n bá yà sí fídíò.

Fíìmù tó lọ tààrà sórí Netflix tàbí YouTube ńkọ́?

Èyí tó bá lọ tààrà sórí Netflix, bíi Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan ní 2022, kì í ní owó tíkẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ má wá a nínú àkọsílẹ̀ sinimá. Iye tí wọ́n bá dúnàádúrà lé lórí ni onífíìmù sábà ń gbà. Ti YouTube jẹ́ ìpín láti inú ìpolówó, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń wọlé.

Bí ẹnì kan ní Òṣogbo bá fẹ́ dá owó sí fíìmù, kí ló yẹ kó béèrè?

Kó béèrè pé, "Ìdá mélòó, nínú owó wo?" Wọ́n fi Forrest Gump, ìwé tí Winston Groom kọ, ṣe fíìmù ní 1994 pẹ̀lú mílíọ̀nù 55 dọ́là, ó sì pa ju mílíọ̀nù 600 lọ. Ìdá 3 nínú 100 èrè ni wọ́n kọ fún òǹkọ̀wé náà nínú àdéhùn, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún un nígbà kan pé gẹ́gẹ́ bí ìwé ìṣirò ti wí, kò tíì sí èrè kankan. Tom Hanks tó kópa olórí gba ìpín tirẹ̀ láti inú owó tó wọlé kí wọ́n tó yọ ìnáwó, owó ńlá sì dé ọwọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, kí ìwé àdéhùn sọ ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ yọ, ẹni tí owó rẹ̀ yóò kọ́kọ́ padà, àti bóyá ìpín onítọ̀hún kan owó Netflix, ti tẹlifíṣàn àti ti YouTube tàbí ti sinimá nìkan. Ẹni tó dá owó sí i gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ọjà tí àwọn sinimá ń fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń pín fíìmù, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ kí ìyàwòrán tó bẹ̀rẹ̀.