Kẹ́ ẹ tó yọ pẹ́ẹ̀gì gìtá yín dànù

Ohun tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn onígìtá tó ń gbé iṣẹ́ wá bá mi n'Ílọrin níbí ni "ọ̀gá, locking tuner mi ti kú, ẹ bá mi pààrọ̀ gbogbo ẹ̀", ìyẹn pẹ́ẹ̀gì orí gìtá tí wọ́n fi ń tune, tó tún ń lọ́ọ̀kì okùn, ìgbà tí mo bá wá gbé gìtá ọ̀hún sórí tábìlì, ẹyọ kan péré ló ń yọnu, nígbà míì gan-an kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, nut, ìyẹn ìdábùú kékeré tó wà láàárín orí àti ọrùn gìtá tí okùn ń gba ojú ẹ̀ kọjá, ló ń há okùn mọ́ra. Owó tí wọ́n ń ná sí i máa ń dùn mí, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń ta gìtá láì gba kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ibi tí àìsàn wà ná.

Pẹ́ẹ̀gì lásán, ẹ máa wé okùn mọ́ òpó ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, wíwé yẹn ló ń dì í mú. Èyí tó ń lọ́ọ̀kì yàtọ̀, ẹ máa ki okùn bọ ihò òpó, ẹ máa yí róòlù kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀, píìnì kan tó wà nínú òpó á gòkè wá á tẹ okùn mọ́lẹ̀ síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá tune ẹ̀, òpó ò ní yí dé ìyípo kan kí okùn tó dé ojú ohùn ẹ̀. Okùn tí kò wé, kò ní ibi tó máa sún sí, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lo ọ̀pá tremolo, èyí tí wọ́n ń tì kí ohùn lè máa mì, fi fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ Floyd Rose, irú tremolo kan, o, ìyẹn orí nut ló ti ń lọ́ọ̀kì, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Àwọn kan sì wà bíi Gotoh Magnum Lock, tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ṣe ń yí pẹ́ẹ̀gì gan-an ló ń ti ara ẹ̀, ẹ má wá róòlù lẹ́yìn ẹ̀.

Àyẹ̀wò tí mo máa ń ṣe rèé, ẹ̀yin náà lè ṣe é nílé. Ẹ mú máàkà, ẹ fi àmì sára okùn níbi tó ti wọnú òpó, ẹ tún fi òmíràn sórí òpó fúnra ẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí i tó bá yí. Ẹ tune gìtá, ẹ ta á gidi, ẹ fa okùn sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ lo tremolo tó bá ní. Tí ohùn bá ti wálẹ̀, ẹ padà lọ wo àmì yín. Tó bá jẹ́ pé ti ara okùn ló sún kúrò nídìí òpó, lọ́ọ̀kì ló ń yọ̀. Tí okùn bá wà níbi tó wà àmọ́ tí òpó ti yí, gíà ti jẹ, àbí nọ́ọ̀tì tó di pẹ́ẹ̀gì mọ́ igi ló ti dẹ̀. Tí méjèèjì bá dúró digbí tí ohùn ṣì ń sá, tẹ́ ẹ sì ń gbọ́ "pín" bẹ́ ẹ ṣe ń yí i, pẹ́ẹ̀gì yín ò ṣẹ̀ o, inú nut ni okùn ti há, ẹ fi ẹnu pẹ́ńsù dúdú kun ojú ibi tí okùn ń gbà kọjá kẹ́ ẹ tún un dánwò. Pẹ́ńsù lásán yẹn ti gba owó sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Lọ́ọ̀kì tó ń yọ̀, pinsà ló sábà máa ń fà á. Ọwọ́ lásán ni wọ́n ṣe róòlù yẹn fún, àmọ́ àwọn kan á fi pinsà fún un pa torí wọ́n rò pé bó bá ṣe le tó ló ṣe máa di okùn mú tó, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ máa bó itẹ ẹ̀ (eyín síkírù inú róòlù) ni, tàbí kí píìnì gé okùn tó tín-ín-rín jù, ìyẹn 0.009 tàbí 0.010 ínṣì. Tí itẹ bá ti bó, kò sí àtúnṣe ilé níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ìsìn ọ̀la ń dúró dè, ẹ má bẹ̀rù, ẹ wé okùn yẹn mọ́ òpó lẹ́ẹ̀mẹta kó máa wé lọ sísàlẹ̀ bíi ti pẹ́ẹ̀gì lásán, á gbé yín dé òpin ìsìn.

Kẹ́ ẹ tó sọ pé itẹ ti bó, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò. Àjákù okùn tó ti já sínú ẹ̀ máa ń dí píìnì lọ́nà, ẹ fi abẹ́rẹ́ tì í jáde. Ẹ má sì tú róòlù kọjá bó ṣe yẹ, torí nínú àwọn kan píìnì á já bọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ó kéré débi pé inú kápẹ́ẹ̀tì ló máa wọ̀. Tí okùn tó nípọn bíi 0.046 bá sì ti gbẹ́ kòtò sí orí píìnì, fáìlì kékeré á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ padà.

Ti nọ́ọ̀tì tó ń dẹ̀, ọyẹ́ lẹ máa bi. Láàárín December sí February, atẹ́gùn wa gbẹ gan-an, igi orí gìtá á súnkì, nọ́ọ̀tì tó le dáadáa nígbà òjò á wá máa mì. Sípánà 10 ló máa ń wọ ọ̀pọ̀ pẹ́ẹ̀gì ayé ìsinsìnyí, ẹ yí i díẹ̀ títí á fi dúró, ẹ má fi agbára mẹkáníìkì yí i torí ọ̀dà á sán. Tó bá jẹ́ ihò síkírù kékeré ẹ̀yìn ni igi ti jẹ, ẹ ki ìtayín tẹ́ ẹ ti rì bọ gọ́ọ̀mù káfíńtà sínú ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ gé èyí tó yọ síta, ẹ fi bíìtì tín-ín-rín lu ihò tuntun kí síkírù tó wọlé.

Gíà tó ti jẹ ní tiẹ̀, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti dí pa pẹ̀lú gíríìsì nínú, ẹ má tú u, pípààrọ̀ ni. Ibí yìí gan-an ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ ní sùúrù, torí èèyàn á kàn ra èyí tó dán jù tàbí tòkunbọ̀ tó pọ́ọ́kú, kò wá ní wọ gìtá. Ẹ wọn ihò orí gìtá kẹ́ ẹ tó sanwó. Ìgbàlódé máa ń jẹ́ 10 mm, tàtijọ́ irú Kluson ò tó bẹ́ẹ̀, bí 8.7 mm ni. Tẹ́ ò bá ní kálípà, ẹ yá bíìtì 10 lọ́wọ́ káfíńtà, ẹ wò ó bóyá ìdí ẹ̀ á wọlé láìsí wàhálà. Ẹ wo ẹ̀yìn náà, ṣé síkírù kan ni àbí ihò píìnì méjì bíi ti Fender tuntun, kẹ́ ẹ sì ka bí wọ́n ṣe tò, mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí mẹ́ta mẹ́ta, torí ti apá ọ̀tún kì í ṣe ti apá òsì. Tí ihò bá kéré, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki dírílì oníná bọ̀ ọ́, igi á là. Reamer alọ́wọ́ ni wọ́n fi ń fẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, láti ojú méjèèjì.

Tó bá ṣe ẹyọ kan ló kú, ẹ wá ẹyọ irú ẹ̀ gan-an. Tẹ́ ẹ bá ki 14:1 (ẹ máa yí pẹ́ẹ̀gì nígbà mẹ́rìnlá kí òpó tó yí lẹ́ẹ̀kan) sáàárín 18:1, ọwọ́ yín á máa ṣì í ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ tune lórí ìtàgé, torí ìyẹn á yára, èyí tó kù á fà. Nílé ìtajà, ẹ fi ìka lásán yí róòlù lọ yí i bọ̀ kẹ́ ẹ rí i pé píìnì ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀, èyí tó bá há lọ́wọ́ yín níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Èyí tẹ́ ẹ sì yọ, ẹ má jù ú sígbó, ẹ tú píìnì, róòlù, wáṣà àti síkírù ẹ̀ sínú ike kan. Tí onígìtá kan bá pè yín láti Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán pé píìnì òun ti sọnù, tí irú pẹ́ẹ̀gì tiẹ̀ bá bá tiyín mu, ẹ ní ohun tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sí i.